Ìtọ́jú Ara Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Jẹjẹrẹ Ọkùnrin



Pùrósítéètì wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀, ó sì yí ọ̀nà ìtọ̀ ká. Nítorí náà, bí àwọn oníṣègùn bá gé e kúrò nítorí jẹjẹrẹ, ìtọ̀ a máa dá jò fún oṣù mélòó kan. Kì í ṣe àbùkù, kì í sì í ṣe èpè.

Lẹ́yìn tí a bá ti yọ rọ́bà ìtọ̀, kí a máa fún iṣan tí a fi ń dá ìtọ̀ dúró pọ̀, kí a ka ení dé àrún, kí a tó tú u sílẹ̀: ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, nígbà mẹ́ta lójúmọ́. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò ń gun àgbọn.

Ìtọ̀ tí ó bá pẹ́ lára a máa bó awọ. Kí a tètè pààrọ̀ aṣọ, kí a fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ ibẹ̀, kí a rọra tẹ̀ ẹ́ gbẹ, kí a sì fi fasilíìnì pa á fẹ́ẹ́rẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi omi mímu du ara rẹ̀, nítorí ìtọ̀ tí ó ki a máa ta àpò ìtọ̀. Bí egbò tàbí ibà bá yọ, ilé ìwòsàn ni kí a gbà lọ.

Ẹ jẹ́ kí a máa sọ ọ́ fún aya wa àti fún dókítà. Ẹrù tí a kò fi han ẹnikẹ́ni, ta ni yóò bá wa sọ̀ ọ́?