Ẹni Tó Bá Dákẹ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Bí Ètò Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Bá Wa Sọ̀rọ̀

Àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí ètò ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ jáde sójú kọnsóòlù. Ẹ̀yin àgbà, ẹ má sùn o. Ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì wà nínú rẹ̀.

Kọnsóòlù ni ojú ibi tí ètò ti ń fi lẹ́tà lásán bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí a máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ni kí ó mú kọ̀ǹpútà kí ayé. Ìwé èdè C tí Brian Kernighan àti Dennis Ritchie kọ ní 1978 ló sọ àṣà yìí di ti gbogbo ayé. Nínú Java, tó jáde ní 1995, System.out.println ni à ń lò.

Ṣùgbọ́n ètò ńlá kì í dá dúró lódidi mọ́. Nínú ìlànà OSGi, tí àjọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1999, a máa ń pín ètò sí ẹ̀ka tí wọ́n ń pè ní bundle. Ó dà bí agbo ilé: oníkálùkù ní yàrá tirẹ̀, ṣùgbọ́n àgbàlá kan náà ni gbogbo wọn ń lò. Kọnsóòlù ni àgbàlá yẹn. Ẹ̀ka tí a kò tíì jí kò lè sọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ tí o kọ sínú start kò bá jáde, tẹ ss sí kọnsóòlù Equinox kí o wo ipò rẹ̀. Bí ó bá ṣì wà ní INSTALLED, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀ka mìíràn tó gbára lé má sí nílé.

Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, ní ọ́fíìsì kan tí n kò ní dárúkọ, a lo ètò ẹlẹ́ka báyìí fún owó ìfẹ̀yìntì. Ẹ̀ka kan ń ka orúkọ, èkejì ń ṣírò owó, ẹ̀kẹta ń tẹ ìwé owó. Bí ẹ̀ka ìṣírò bá pàdé ọjọ́ ìbí tí kò yé e, yóò fo ẹni náà, yóò sì kọ ọ́ sójú kọnsóòlù. Nígbà tí a dán an wò, a rí i. Ṣùgbọ́n orí ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni kì í wo ojú rẹ̀ ni a gbé e sí, a sì ní kí ohun gbogbo tó bá kọ jáde máa ṣègbé. Èmi ni mo buwọ́ lù ú.

Lóṣù kẹta, bàbá kan tí wọ́n jẹ́ ọ̀gá mi nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ wá bá mi. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé ẹ rò pé mo ti kú ni?" N kò rí èsì fún wọn.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Kọ̀ǹpútà kò dákẹ́. Àwa ni a dí i lẹ́nu.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ wa, System.out wà fún èsì, System.err wà fún àṣìṣe. Ẹ má pa ọ̀nà méjèèjì pọ̀. Nínú ètò ẹlẹ́ka, ẹ má jẹ́ kí gbogbo ẹ̀ka máa pariwo lágbàálá. Ẹ lo LogService tí OSGi pèsè, kí a lè mọ ẹ̀ka tó sọ̀rọ̀, àkókò tó sọ ọ́, àti bí ọ̀ràn náà ti le tó. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú fáìlì. Ẹ má kọ ọ̀rọ̀ ìwọlé ẹnikẹ́ni síbẹ̀. Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ yan ènìyàn tí yóò máa kà á.

A san gbogbo owó bàbá náà kí wọ́n tó jáde láyé. Ìyẹn ni mo fi ń tu ara mi nínú.

Ẹgbẹ́ wa kò ní tú o.