Ọlọ́pàá Náà Wà Lábẹ́ Òfin

(Ọ̀rọ̀ tí aṣojú òṣìṣẹ́ kan sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka wa ní Fola Agoro)



Àwa tí a ń ti iṣẹ́ òru bọ̀, àti ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ ń fi ìdájí gbé mọ́tò jáde, àwa ni ọlọ́pàá kọ́kọ́ ń bá pàdé. Ẹni tí wọ́n bá tì mọ́lé lálẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, bí yóò bá fi jáde, ọ̀gá lè ti fi ẹlòmíràn sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Oúnjẹ ọmọ wa ni ọ̀rọ̀ yìí.

Láti ọdún 1989 ni ìjọba ti fagi lé ẹ̀sùn “wọ́ńdárìn”: rírìn lóru kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ní kí a kọ ìdí tí a fi mú ènìyàn sínú ìwé fún un láàárín wákàtí 24, ní èdè tí ó gbọ́. Bí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan ni kí wọ́n fi gbé e débẹ̀, àfi tí ẹ̀sùn náà bá jẹ́ ti ikú. Kóòtù Májísíréètì Yábàá kò sì jìnnà sí wa. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 ní a kò gbọdọ̀ mú ẹlòmíràn dípò ẹni tí a ń wá. Béèlì kò gba kọ́bọ̀.

Àwọn kan ní kí a tètè dáwó kí ẹni wa jáde. Mo mọ̀ pé ojú ń kán ni. Ṣùgbọ́n owó tí kò ní rìsíìtì ni wọ́n ń tọ́ wò tí wọ́n fi ń padà wá mú ẹlòmíràn.

Ṣé ọwọ́ òfin lè tó ọlọ́pàá? Bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́jọ́ Kérésìmesì 2022, ọlọ́pàá Drambi Vandi yìnbọn pa agbẹjọ́rò Bọ́láńlé Raheem ní Ajah. Ẹbí tó wà nínú ọkọ̀ jẹ́rìí, àwọn ọlọ́pàá pàápàá jẹ́rìí, ẹni tí ń tọ́jú ìbọn sọ pé ọta méjì dín nínú èyí tí wọ́n fún un. Ní 9 October 2023, Ilé Ẹjọ́ Gíga Èkó dájọ́ ikú fún un. Lẹ́yìn tí ìjọba tú SARS ká ní 2020, ìgbìmọ̀ Adájọ́ Okuwobi fún ẹni 70 ní owó gbà-má-bínú tó lé ní mílíọ̀nù 400 náírà. Ẹni tí kò kọ̀wé ẹ̀sùn kò sí nínú wọn.

Ìmọ̀ràn mi nìyí. Ẹ má bá ẹni tó gbé ìbọn jà. Ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà àyà rẹ̀, nọ́ńbà ọkọ̀, wákàtí àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Ẹ ránṣẹ́ sí aṣojú yín lóru ọjọ́ náà. Kí ẹ̀ka ní ìwé kan tí a ó máa kọ ọ́ sí, kí a sì gbé e lọ sí OPD, ọ́fíìsì ìjọba Èkó tí ń gba ẹjọ́ tálákà rò lọ́fẹ̀ẹ́. Aṣojú yóò lọ bá mánìjà kí iṣẹ́ má bàa bọ́.

Àjèjé ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Mo gbé e síwájú ìpàdé: ẹni tó bá fara mọ́ ọn, kí ó nawọ́ sókè.