Mo Fa Kíláàsì Ijó Lé Àwọn Ọmọ Wa Lọ́wọ́

(Èyí ni ọ̀rọ̀ tí ìyá tó dá kíláàsì ijó àwọn ọmọdé sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ wa ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù sọ níbi ìpàdé gbogbogbòò, lọ́jọ́ tí wọ́n fa ètò náà lé àwọn alákòóso tuntun lọ́wọ́.)

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa tú. N kò ní pẹ́ lórí ìdúró, nítorí orúnkún tó ń dùn mí wà lára ohun tó gbé mi dìde lónìí.

Ọ̀pọ̀ nínú yín rò pé orúnkún nìkan ló fà á. Kì í ṣe òun nìkan. Nígbà òtútù tó kọjá, àìsàn dá mi gúnlẹ̀, wọ́n sì dá mi dúró sí ọsibítù. Kíláàsì kò wáyé fún ọ̀sẹ̀ méje. Kì í ṣe pé kò sí ẹni tó lè kọ́ àwọn ọmọ. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà. Inú ìwé kékeré kan nínú báàgì mi ni nọ́ńbà fóònù àwọn òbí wà. Èmi nìkan ni mo mọ iye tí à ń san fún gbọ̀ngàn àti ọjọ́ tí à ń san án. Bàbá onílù wa dé ẹnu ọ̀nà ní Sátidé àkọ́kọ́, wọ́n gbé ìlù wọn dání nínú òjò, wọn kò rí ẹni ṣílẹ̀kùn, wọ́n sì padà sílé. Orí ibùsùn ni mo wà tí mo gbọ́, ojú sì tì mí. Láti ọdún mọ́kànlélógún sẹ́yìn ni mo ti ń pè é ní kíláàsì ẹgbẹ́, àṣé kíláàsì tèmi ni. Ohun tí ẹnì kan ṣoṣo mọ̀ kò tíì di ti ẹgbẹ́.

Àwọn àgbà wa ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í dúró dìgbà tó bá kú kó tó yọ ọmọ. Ẹ̀gbẹ́ ìyá ni ọmọ ti ń hù nígbà tí ìyá ṣì wà lóòró. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí a ṣe é nísinsìnyí tí wọ́n ṣì lè rí mi bi ní ìbéèrè.

Àwọn ọmọbìnrin méjì tí ẹ yàn, inú kíláàsì yìí ni wọ́n dàgbà sí. Mo sì ní ẹ̀bẹ̀ kan láti bẹ ọ̀kan nínú wọn ní gbangba. Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, mo bá a sọ Yorùbá, ó dá mi lóhùn ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo ní ẹni tí kò gbọ́ èdè kò lè jó ijó wa, kó lọ jókòó. Àwọn ọmọ yòókù fi í rẹ́rìn-ín. Kò wá mọ́ fún nǹkan bí ọdún méjì. Ìyá rẹ̀ kò bá mi jà, ìyẹn gan-an ló sì dùn mí jù. Bàbá onílù ló lọ bá wọn nílé, tí wọ́n sọ fún wọn pé ẹsẹ̀ ọmọ náà ń gbọ́ ohun tí etí rẹ̀ kò tíì gbọ́. Ọmọ yẹn ló ń gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi lónìí. Ọmọ mi, mo tọrọ àforíjì lójú gbogbo ayé.

Síbẹ̀, ohun kan wà tí n kò fẹ́ kó sọnù. Ijó dùndún kì í ṣe ká máa ka ìgbésẹ̀ láti 1 dé 8. Ìyáàlù ń sọ̀rọ̀ ni. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ tó wà lẹ́nu wa náà ni onílù ń fún jáde bó ti ń fa ọsán ìlù. Gúdúgúdú àti àwọn ìlù yòókù yóò máa bá iṣẹ́ tiwọn lọ, ṣùgbọ́n ìyáàlù yóò wo ojú oníjó, yóò kì í, yóò pàṣẹ fún un, yóò tún bá a ṣe ẹ̀fẹ̀. Ọmọ tó bá tẹ́tí yóò mọ ìgbà tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ àti ìgbà tó yẹ kó yí padà. Bí ọmọ bá ṣi ẹsẹ̀ gbé, orin inú fóònù yóò máa lọ ní tirẹ̀. Onílù yóò dúró dè é.

Ẹ ti sọ fún mi pé ẹ fẹ́ máa fi fóònù kọ́ wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì nínú mẹ́rin, nítorí owó. Bàbá, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fọwọ́ di etí díẹ̀. Ìṣirò yín tọ̀nà. Lẹ́yìn owó gbọ̀ngàn, owó onílù ló pọ̀ jù. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ dín owó aṣọ kù, kí ẹ dín àsè ìparí ọdún kù, kí ẹ tó fọwọ́ kan owó onílù. Ẹ̀bẹ̀ ni o, kì í ṣe àṣẹ.

Àwọn nǹkan yòókù, mo gbà. Ẹ ní ẹ ó máa ṣàlàyé ní Gẹ̀ẹ́sì kí ẹ tó sọ ọ́ ní Yorùbá. Ẹ ní ọmọ Jàmáíkà, ọmọ Gánà àti ọmọ òyìnbó àdúgbò náà lè wá. Inú mi kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ni mo rántí àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Cuba. Wọn kò mú ìwé kankan lọ́wọ́. Títí di òní, ní Havana àti Matanzas, wọ́n ń lu bàtá mẹ́ta pọ̀: iyá, itótele àti okónkolo. Ẹ gbọ́ orúkọ èyí tó tóbi jù níbẹ̀: ìyá ni. Èdè Spéènì sì ni àwọn tó ń lù ú ń sọ nílé. Nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ oníjó Conjunto Folklórico Nacional sílẹ̀ ní Cuba ní 1962, lọ́dọ̀ àwọn àgbà onílù àti àgbà oníjó ni wọ́n ti kọ́ ọ. Bí àwọn àgbà wọ̀nyẹn bá ti ní àfi ẹni tó gbọ́ èdè bíi ti àwọn baba ńlá wọn ni àwọn yóò kọ́, ìlù náà ì bá ti dákẹ́ tipẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá ka ẹrù náà lójú gbogbo yín. Kọ́kọ́rọ́ méjì rèé, kì í ṣe ẹyọ kan mọ́. Ìwé orúkọ àwọn ọmọ rèé, pẹ̀lú nọ́ńbà òbí àti oúnjẹ tí ara ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ̀. Ní ti owó tó wà ní báńkì, ènìyàn méjì ni yóò máa fọwọ́ sí i kó tó jáde, èmi kò sì sí nínú wọn. Ìwé àyẹ̀wò tí à ń pè ní CRB tẹ́lẹ̀, tó di DBS ní 2012, ẹ rí i pé ẹni tó bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní in, bó tilẹ̀ jẹ́ àbúrò alága ni. Ìyáàlù kan, gúdúgúdú kan àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ mẹ́ta wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ má gbé ìlù sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru, awọ rẹ̀ yóò gbẹ, yóò sì ya. Ẹ má sì gbé e sílẹ̀ tó tutù, awọ yóò rọ̀, ohùn rẹ̀ yóò sì lọ sílẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe máa fi wọ́n wé mi. Bí nǹkan kan bá dùn yín, àwọn ni kí ẹ bá sọ ọ́. Bí ẹ bá pè mí, nọ́ńbà wọn ni n ó kà fún yín. Èmi náà kò ní yọjú sí kíláàsì fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, àfi bí wọ́n bá ránṣẹ́ pè mí. Mo mọ ara mi. Bí mo bá jókòó sí igun pẹ́nrẹ́n, ojú mi ni àwọn ọmọ yóò máa wò.

Ẹ̀yin ọmọ mi méjèèjì, ẹ jáde wá. Ẹ óò ṣe àṣìṣe. Èmi náà ṣe é, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ̀kan nínú rẹ̀ ni. Ohun kan ni mo fẹ́ lọ́wọ́ yín: láti òní lọ, kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó jókòó sílẹ̀ yìí ti máa mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà.

Ọlọ́run yóò tì yín lẹ́yìn. Bàbá onílù, ó kù sọ́wọ́ yín.