Àáké fún Ọmọ Òrukàn
Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé àwọn tó ń yọ sàká

   

Ìtàn kan wà tí Abu Dawud gbà wá. Ọkùnrin ará Madina kan wá tọrọ nǹkan lọ́dọ̀ Ànábì. Aṣọ kan àti ife ìmumi kan péré ló ní nílé. Ànábì bá a tà wọ́n ní dirhamu méjì. Ó ní kí ó fi ọ̀kan ra oúnjẹ fún ará ilé rẹ̀, kí ó fi èkejì ra àáké, kí ó máa ṣẹ́gi tà. Nígbà tí yóò fi padà dé lẹ́yìn ọjọ́ 15, ó ti pa dirhamu mẹ́wàá.

Ẹgbẹ́ wa mọ dirhamu oúnjẹ ná. A ń pín ìrẹsì àti gààrí, Alhamdulillah. Ṣùgbọ́n ọmọ òrukàn tó jáde ilé-ìwé girama, àáké wo ni a fi lé e lọ́wọ́?

Iṣẹ́ kan wà tí a fẹ́ kí ẹ gbé yẹ̀ wò: iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ nínú occupational therapy. Ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú lápá kan, àwọn ló ń kọ́ ọ bí yóò ti tún máa wọ ẹ̀wù, bí yóò ti fi ọwọ́ kan ṣe àlùwàlá, bí yóò ti bu oúnjẹ sẹ́nu fúnra rẹ̀. Wọ́n tún ń ran àwọn tí àìsàn ọpọlọ mú lọ́wọ́, kí wọ́n lè padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn. Onímọ̀ àgbà ni yóò yẹ aláìsàn wò, tí yóò sọ ohun tí wọn yóò ṣe; olùrànlọ́wọ́ ni yóò jókòó tì í tí yóò máa bá a ṣe é. A nílò àwọn ọmọbìnrin wa níbẹ̀ gan-an, nítorí obìnrin tó ń ṣàìsàn yóò fẹ́ kí obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ bá òun wọṣọ.

Láti SS1 ni ìmúrasílẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀: èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, Biology, Chemistry àti Physics. Kí ọmọ náà mọ iṣẹ́ ọwọ́ díẹ̀, bí aṣọ rírán tàbí iṣẹ́ káfíńtà, nítorí wọ́n ń fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wo aláìsàn. Kí ó ní sùúrù, kí ó sì lè bo àṣírí. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ fún iṣẹ́ yìí wà ní Òṣòdì, l'Ékòó. Ẹni tó bá fẹ́ gba dìgírì, ó wà ní Yunifásítì Obafemi Awolowo, Ilé-Ifẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́ ohun kan. A ti san owó ilé-ìwé ìlera kan fún ọmọbìnrin òrukàn kan rí, fún odidi ọdún méjì, láìṣe ìwádìí. Nígbà tó mú ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ lọ wáṣẹ́, wọ́n ní ìjọba kò mọ ilé-ìwé náà. Omijé ọmọ yẹn wà lọ́rùn wa, nítorí àgbàfipamọ́ ni sàká lọ́wọ́ wa. Láti ìsinsìnyí lọ, a kò ní san kọ́bọ̀ láìkọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tí òfin ọdún 1988 gbé kalẹ̀ fún àwọn oníṣẹ́ wọ̀nyí.

Àwọn kan ń béèrè bóyá sàká tọ́ sí i. Ìsọ̀rí mẹ́jọ ló wà nínú Suratu Tawbah, áyà 60. Òrukàn nìkan kò sọ ọmọ di ọ̀kan nínú wọn. Àìní ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ fi ogún tó tó o sílẹ̀ fún, kí a má fún un ní sàká.

Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí ẹ bá wa ya apá kan sọ́tọ̀ fún àáké. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù, ẹ gbà wá láàyè kí àwọn ọmọ wá wo iṣẹ́ náà kí wọ́n tó yàn án. Ẹ má sì dá ìrẹsì dúró o. Dirhamu méjì ni Ànábì pín.

Kí Allah gbà á ní iṣẹ́ rere lọ́wọ́ gbogbo wa. Àmín.