Ta Ni Ó Ń Ru Àkùtà? Àwọn Apínwèé-Ìròyìn àti Iṣẹ́ Tó Ń Bọ́ Lọ́wọ́ Wọn

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba tí a ṣe ní Òdòde, Ìdànrè



Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ ìròyìn. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ń retí akọ̀ròyìn tí ìjọba tì mọ́lé, tàbí èyí tó tú àṣírí àwọn alágbára. Àwọn yẹn ò ṣaláìní ẹni tí yóò yìn wọ́n. Ẹni tí ọ̀rọ̀ mi kàn lónìí ni ẹni tó ń gbé ìwé náà dé ọwọ́ wa: dírẹ́bà tó wà lójú títì lóru, òṣìṣẹ́ ẹ̀ka ìpínkiri, éjẹ́ǹtì tó wà l'Ákùúrẹ́, àti fẹ́ńdọ̀ tó tẹ́ tábìlì sẹ́bàá ọ̀nà ní Òdòde àti Àlàdé.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé ìwé kan bọ̀ láti ibi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Punch ń jáde láti Màgbòrò, lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Nigerian Tribune ń jáde láti Ìmálẹ̀fàlàáfíà n'Íbàdàn. The Hope, tí í ṣe ti ìjọba ìpínlẹ̀ wa, ń jáde láti Àkúrẹ́ níbí. Èyí tó ń bọ̀ láti Màgbòrò yóò gba Ìbàdàn, yóò gba Ifẹ̀ àti Iléṣà, kó tó dé Àkúrẹ́, kó tó wá yà sọ́nà tiwa. Òru ni wọ́n ń tẹ ìwé ìròyìn, òru náà ni wọ́n ń gbé e. Bí ọkọ̀ bá bà jẹ́ lẹ́yìn Iléṣà, tí ìwé wọ Òdòde lẹ́yìn agogo méjìlá ọ̀sán, ètò àtúpalẹ̀ ìwé ìròyìn lórí rédíò ti ka gbogbo kókó rẹ̀ fáráyé gbọ́. Kí fẹ́ńdọ̀ tó tú okùn ìdì náà, àkùtà ti bẹ̀rẹ̀.

Èrè fẹ́ńdọ̀ kò ju owó kékeré lórí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan tó bá tà. Èyí tó bá kù sílẹ̀ di ọ̀rọ̀ láàárín òun àti éjẹ́ǹtì: ṣé wọ́n máa gbà á padà, ṣé èyí tó bá ti ṣẹ́po ṣì lè padà, ìgbà wo ni wọ́n máa yọ ọ́ kúrò nínú gbèsè rẹ̀? Ìròyìn àná kò lóníbàárà, àfi ìyá alákàrà àti onísúyà. Ẹ wo tábìlì fẹ́ńdọ̀ dáadáa nígbà mìíràn tí ẹ bá ń kọjá. Òkúta kékeré wà lórí ìwé kọ̀ọ̀kan kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ akàwé-ọ̀fẹ́ ti yí i ká, wọ́n káwọ́ sẹ́yìn, wọ́n ń fi ojú ìwé kìíní jà lórí ìṣèlú. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ìwé ni fẹ́ńdọ̀ máa wò lójú. Mo ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń fi ẹgbẹ́ yìí ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n èmi kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Ilé ìgbìmọ̀ ni ibẹ̀ jẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn, fẹ́ńdọ̀ ló sì ń fi àyè rẹ̀ àti oòrùn orí rẹ̀ gbà wọ́n lálejò láìgba kọ́bọ̀.

Nígbà tí míṣọ́nnárì Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn l'Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 3 oṣù Ọ̀pẹ̀ 1859, ọgọ́fà owó ẹyọ ni wọ́n ń tà á. Ìtàn sọ iye owó, ó sọ olóòtú, ó sọ bí wàhálà Ìfọ́lé, tí wọ́n fi lé àwọn míṣọ́nnárì kúrò nílùú, ṣe gbá ilé ìtẹ̀wé náà lọ ní 1867. Kò sọ ẹni tó ń gbé e láti Aké lọ bá àwọn tó ń kà á. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yìí ṣe rí láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìgbà kan wà tí ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn mú iṣẹ́ ìpínkiri lọ́kùn-ún-kúndùn. Daily Times bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní oṣù Òkúdù 1926, Ernest Ikoli ni olóòtú rẹ̀ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ Daily Mirror ti Lọ́ńdọ̀nù rà á ní 1947, wọ́n rí i pé ìwé tó bá dúró sí Èkó nìkan kò lè tóbi. Wọ́n ra ẹ̀rọ, wọ́n ra ọkọ̀, wọ́n gba òṣìṣẹ́ tí yóò máa gbé ìwé wọ inú ilẹ̀ lọ. Nígbà tó fi máa di ìdajì àwọn ọdún 1970, lábẹ́ ọ̀gá rẹ̀, Babátúndé Jose, ẹ̀dà Daily Times ń lọ sí nǹkan bí 275,000 lójúmọ́, ti Sunday Times sì ń lọ sí nǹkan bí 400,000. Akọ̀ròyìn ló kọ ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n láìsí dírẹ́bà olówó oṣù, tó mọ gbogbo kòtò ojú ọ̀nà, iye yẹn kò lè ṣeé ṣe. Ní 1975 ìjọba àpapọ̀ gba ìpín 60 nínú 100 ilé iṣẹ́ náà. Nígbà tí wọ́n fi tà á fún Folio Communications ní 2004, ògo àtijọ́ ti di ìtàn.

Púpọ̀ nínú àwọn ìwé ìròyìn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ kò fẹ́ ru ẹrù ọkọ̀ àti owó oṣù dírẹ́bà mọ́. Wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún éjẹ́ǹtì, fún agbaṣẹ́ṣe, fún ọkọ̀ akérò tó ń lọ sápá ibi tí ìwé ń lọ. Nítorí náà, nígbà tí a bá gbọ́ lónìí pé wọ́n ń dín òṣìṣẹ́ ìpínkiri kù, àwọn díẹ̀ tó ṣẹ́ kù nínú ilé ni wọ́n ń lé síta, láti wá bá àwọn tí kò fìgbà kan wọlé rí.

Kí ló fà á? Gbogbo ènìyàn ni yóò nawọ́ sí fóònù. Fóònù jẹ̀bi lóòótọ́. Ẹni tó ń wá iṣẹ́, tó máa ń dúró de Guardian ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, kò dúró mọ́. Ọmọ tó ń wá orúkọ rẹ̀ nínú àwọn tí yunifásítì gbà, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń wò ó. Baba tó ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ti gba ṣọ́ọ̀bù onítẹ́tẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká di gbogbo ẹ̀bi ru fóònù, nítorí bébà náà wà níbẹ̀. Ìjọba dá ilé iṣẹ́ bébà ìwé ìròyìn sílẹ̀ ní Oku Iboku, wọ́n dá ilé iṣẹ́ bébà mìíràn sílẹ̀ ní Ìwópin ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Nínú igbó ọba Olúwa, ní ìpínlẹ̀ wa níbí, wọ́n gbin igi mẹ̀línà lọ jàra kó lè di bébà. Ẹ lọ wo ohun tí mẹ̀línà ń dà báyìí: pákó àti òpó. Àwọn ilé iṣẹ́ náà dákú, bébà sì di ohun tí a ń fi dọ́là rà. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù Èbìbí 2023, tí náírà tún ṣubú ní oṣù tó tẹ̀ lé e, owó bébà àti owó epo ọkọ̀ jọ gòkè lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé iṣẹ́ fi kún iye tí wọ́n ń ta ìwé, àwọn tó ń rà á dín kù, wọ́n sì wo ibi tí wọ́n ti lè gé nǹkan. Ẹni tí kò sí lójú ọ̀gá ni ọ̀bẹ máa ń kọ́kọ́ bá.

Mi ò ní sọ pé kí ilé iṣẹ́ tí kò rówó ra bébà máa san owó oṣù dírẹ́bà tí kò rí ìwé gbé. Ìyẹn kò ṣeé ṣe. Ohun tí mo ń sọ ni pé nígbà tí wọ́n bá gbé iṣẹ́ jáde, ewu ojú ọ̀nà kì í jáde kúrò nínú iṣẹ́. Àkùtà kì í dín kù. Ẹrù náà kò sọ̀kalẹ̀, orí tó rù ú ló yí padà.

Ẹ̀yin tí ẹ ní oko kòkó mọ̀ pé alágbàṣe kì í pín nínú òfò oko. Ó ro ibi tí ẹ fi hàn án, ó gbowó rẹ̀, ó lọ. Bí òjò bá pọ̀ tí kòkó dúdú lórí igi, olóko ló ni ẹkún. Fẹ́ńdọ̀ àti dírẹ́bà agbaṣẹ́ṣe jẹ́ alágbàṣe tí wọ́n ń pè wá sídìí òfò, ṣùgbọ́n tí wọn kì í pè nígbà tí kòkó bá gbówó lórí.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti Nàìjíríà nìkan. Ní New York, nígbà ogun Amẹ́ríkà àti Sípéènì ní 1898, ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn ti Pulitzer àti ti Hearst fi owó kún ìdì ọgọ́rùn-ún ìwé, láti 50 sẹ́ńtì sí 60, fún àwọn ọmọdé tó ń tà á. Ogun parí, owó kò wálẹ̀. Ní oṣù Agẹmọ 1899 àwọn ọmọ náà kọ̀, wọn ò ta World ti Pulitzer, wọn ò ta Journal ti Hearst, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ohun tí wọ́n gbà nígbẹ̀yìn kì í ṣe ẹ̀dínwó. Owó náà dúró sí 60, àmọ́ ilé iṣẹ́ gbà láti máa ra àkùtà padà. Àwọn ọmọdé wọ̀nyí mọ ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé lọ.

Ní 1944 ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà sọ pé àwọn tó ń ta ìwé Hearst ní Los Angeles jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà lábẹ́ òfin. Kò pé ọdún mẹ́rin, ní 1947, ilé aṣòfin wọn yí òfin padà, wọ́n yọ ẹni tó bá jẹ́ agbaṣẹ́ṣe kúrò nínú ààbò náà. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1986, Rupert Murdoch kó ìwé ìròyìn rẹ̀ lọ sí Wapping, ó lé òṣìṣẹ́ tó tó 5,500. Ọkọ̀ ojú irin ló ń gbé ìwé tẹ́lẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sì lè kọ̀ láti gbé e. Ó gbé iṣẹ́ náà fún TNT, ilé iṣẹ́ akẹ́rù, ọkọ̀ wọn sì ń já àárín àwọn tó ń wọ́de kọjá lóru. Ọdún kan ó lé díẹ̀ ni wọ́n fi jà, àwọn òṣìṣẹ́ ló pòfo. Ṣùgbọ́n nígbà tí Boston Globe pààrọ̀ agbaṣẹ́ṣe tó ń pín ìwé rẹ̀ ní ìparí 2015, ìwé kò dé ilé ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ṣẹ́rẹ́, àwọn akọ̀ròyìn fúnra wọn ló gbé ìwé sínú mọ́tò, tí wọ́n ń wá nọ́ńbà ilé kiri nínú òkùnkùn. Ọ̀gá tó rò pé ẹnikẹ́ni ló lè ṣe iṣẹ́ yẹn rí i pé ó ní ìmọ̀ nínú.

Nílé wa níbí, ní oṣù Òkúdù 2014, àwọn sójà dá ọkọ̀ ìwé ìròyìn dúró káàkiri, wọ́n ní ìròyìn ààbò ló fà á. Wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé àwọn ìwé kan. Lẹ́yìn náà, ẹgbẹ́ àwọn oní-ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn bá ìjọba sọ̀rọ̀, ìjọba sì san mílíọ̀nù 10 náírà gbà-máà-bínú fún ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí ọ̀rọ̀ kàn.  Ohun tó jẹ mí lógún níbẹ̀ ni pé ojú ọ̀nà ni wọ́n ti ṣe ìpalára náà, tábìlì oní-ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ti yanjú rẹ̀.

Òfin ń kọ́? Òfin Òṣìṣẹ́ ilẹ̀ wa, ní abala 7, sọ pé kí oṣù mẹ́ta tó kọjá, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé tó sọ owó rẹ̀ àti àdéhùn rẹ̀. Abala 20 sọ pé bí ilé iṣẹ́ bá fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù, kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ìdí rẹ̀ àti iye ènìyàn fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ẹni tó wọlé kẹ́yìn ni yóò kọ́kọ́ jáde, bí iṣẹ́ ọwọ́ wọn bá dọ́gba. Kí wọ́n sì sa ipá wọn lórí owó ìyọniníṣẹ́. Òfin 2010 lórí ìpalára lẹ́nu iṣẹ́ ní kí agbanisíṣẹ́ máa dá 1 nínú 100 owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ sí àpò owó ìdáàbòbò òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní NSITF. Òfin owó ìfẹ̀yìntì 2014 ní kí ó dá 10 nínú 100, kí òṣìṣẹ́ dá 8. Ó dára. Ẹ wá wo dírẹ́bà tí wọ́n dá dúró lọ́jọ́ Ẹtì, tí agbaṣẹ́ṣe gbà lọ́jọ́ Ajé, lórí ọkọ̀ kan náà, lójú ọ̀nà Iléṣà kan náà. Bí agbaṣẹ́ṣe bá kọ ọ́ sílẹ̀ bí òṣìṣẹ́, òfin ṣì rí i. Bí ó bá pè é ní ọ̀gá ara rẹ̀, gbogbo abala tí mo kà yìí ti fò ó kọjá. Ti fẹ́ńdọ̀ kò tilẹ̀ dé ibẹ̀ rárá. Ohun tó súnmọ́ ọn jù ni ètò owó ìfẹ̀yìntì fún oníṣẹ́ àdáni tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní 2019, níbi tí òun nìkan yóò ti máa dá owó.

Kí wá ni ṣíṣe? Mo fẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọwọ́ wa tó. The Hope jẹ́ tìjọba, owó gbogbo wa ló wà nínú rẹ̀. Àwọn aṣòfin wa l'Ákùúrẹ́ lè béèrè pé kí àdéhùn tó bá wà láàárín rẹ̀ àti ẹnikẹ́ni tó ń pín in jẹ́ àkọsílẹ̀, kí iye àkùtà tó ṣeé dá padà wà nínú rẹ̀, kí ẹni tó ń wakọ̀ sì wà lórí ìwé NSITF, ì báà jẹ́ ti ilé iṣẹ́ ì báà jẹ́ ti agbaṣẹ́ṣe. Ẹ̀yin fẹ́ńdọ̀ náà, ìlú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni ìlú wa. Àwọn oníkòkó ti fi hàn yín bí wọ́n ṣe ń dá a. Ẹni tó bá jókòó nìkan síwájú éjẹ́ǹtì kò lè jiyàn lórí àkùtà.

Iṣẹ́ yín kò tíì tán, òmíràn sì ń bọ̀. Ọmọbìnrin tó ṣègbéyàwó, tó fẹ́ yí orúkọ padà ní báńkì, ṣì ń wá ojú ìwé tí wọ́n tẹ orúkọ rẹ̀ tuntun sí, fẹ́ńdọ̀ ló ń bá a wá a. Ilé tí ìdílé bá ti kéde òkú, ẹ̀dà púpọ̀ ni wọ́n ń rà. Àwọn tó ń ta ọjà lórí fóònù náà nílò ẹni tó mọ Òdòde dé Àtọ̀sìn, tó ti ń gbẹ́rù bọ̀ láti Àkúrẹ́ láràárọ̀. Wọ́n máa wá bá yín. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé wọn, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ ẹni tí yóò san owó ẹrù tó bá sọnù lọ́nà, àti ẹni tí yóò san owó ilé ìwòsàn bí ọ̀kadà bá ṣubú.