Ẹ̀kú Àtijọ́, Aṣọ Tuntun: Ọ̀rọ̀ lórí Ọjọ́ Iwájú Sinimá Alápá Púpọ̀

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba tí a ṣe ní Ìkàrẹ́-Àkókó

Àbá ni ìkán ń dá, ìkán kò lè mu òkúta: n kò wá kọ́ àgbà Àkókó ní ìtàn pípa. Ọ̀rọ̀ sinimá ni mo bá wá.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ẹgbẹ́ eléré kan a máa wá ṣeré ní gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ kan ní ìlú yìí, ó sì di ọdún kan, wọ́n tún gbé eré tí wọ́n ti ṣe ní èṣín dé. Ìyá àgbà kan tí ó jókòó tì mí ti mọ gbogbo rẹ̀ lórí: kí ọba inú eré tó yọjú ni ó ti sọ fún wa pé májèlé wà nínú ife tí olorì gbé dání. Síbẹ̀, nígbà tí ọba gbé ife sẹ́nu, ìyá yìí kan náà ni ó kọ́kọ́ figbe ta, tí ó sì fi etí gèlè nu ojú. Mo ti ka ìwé púpọ̀ láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ọ̀mọ̀wé tí ó là mí lóye jù ú lọ nípa ìdí tí ènìyàn fi ń sanwó wo ìtàn tí ó ti mọ̀.

Nítorí náà, bí mo bá gbọ́ tí àwọn amòye ń kédàárò pé sinimá ayé ti bàjẹ́, pé apá kejì, apá kẹta àti àtúnṣe fíìmù àtijọ́ ni ó gbòde, egúngún ni mo máa ń rántí. Èyí tí ó jáde lọ́dún yìí náà ni ó jáde ní èṣín. Orúkọ rẹ̀ kò yí padà, oríkì rẹ̀ kò yẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ilé rẹ̀ a máa rán aṣọ tuntun mọ́ ẹ̀kú náà, tí ti bàbá fi ń wà lábẹ́ ti ọmọ. Ẹ̀ṣẹ̀ kò sí nínú àtúnsọ. Ẹ̀ṣẹ̀ ni kí a gbé ẹ̀kú jáde láìrán nǹkan kan mọ́ ọn, èyí tí ó sì burú jù lọ ni kí a jẹ́ kí kòkòrò jẹ ẹ̀kú àtijọ́ run.

Àwọn tí ó ṣáájú wa mọ èyí. Olóyè Hubert Ògúndé gbé fíìmù Ayé jáde ní 1979, kò sì pẹ́ tí Jáíyésinmi fi tẹ̀lé e. Ní 1999, ọdún tí àwọn ológun gbé ìjọba sílẹ̀, Túndé Kèlání àti Akínwùmí Ìṣọ̀lá fi fíìmù Ṣaworoidẹ bi wá léèrè ohun tí í ṣẹlẹ̀ sí ìlú tí ọba rẹ̀ kọ̀ láti mulẹ̀ kí ó lè kó owó ìlú jẹ. Ní 2002, Agogo Èèwọ̀ béèrè èyí tí ó le jù: nígbà tí ọba burúkú lọ tán, kí ni a ó ṣe sí àwọn ìjòyè tí ó bá a jẹun? Ìbéèrè ni ó bí apá kejì yẹn.

Ẹ wá wo ọdún 2008. Ní ọdún náà ni Fúnkẹ́ Akíndélé mú Súlíà, ọmọ oko tí ó wọ yunifásítì tí ó sọ ara rẹ̀ di Jẹ́nífà, wá sí ojú wa nínú fíìmù. Ọdún náà ni ilé-iṣẹ́ Marvel ní Amẹ́ríkà gbé Iron Man jáde. Ti Amẹ́ríkà bí ọmọ yọyọ, títí tí Avengers: Endgame fi pa owó tí ó ju bílíọ̀nù méjì ààbọ̀ dọ́là lọ ní 2019. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ọdúnnìí, wèrè ẹ̀mí-ìn: ní oṣù Kọkànlá 2023, The Marvels, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, já kulẹ̀, nítorí òǹwòran ní láti wo fíìmù mìíràn àti eré orí tẹlifísọ̀n kí ó tó mọ ẹni tí ń ṣe kí ni. Ìyá àgbà Ìkàrẹ́ mọ ìtàn tirẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn oní-Marvel sọ mímọ̀ ọ́n di owó orí. Ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, Akíndélé gbé A Tribe Called Judah jáde, ìtàn tuntun nípa ìyá kan àti ọmọkùnrin márùn-ún tí bàbá wọn yàtọ̀ síra, òun sì ni fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó pa bílíọ̀nù kan náírà ní ilé sinimá. Ní oṣù Kejìlá 2024 ni ó tún padà sí ẹ̀kú àtijọ́ pẹ̀lú Everybody Loves Jenifa, tí òun náà kọjá bílíọ̀nù kan. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

N kò dá àwọn olówó sinimá lẹ́bi. Orúkọ tí ayé ti mọ̀ dà bí onígbọ̀wọ́ fún ẹni tí ó fẹ́ yá owó, kò sì sí ẹni tí ń yá ènìyàn lówó láìwo onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ nìkan kì í ṣeré. Living in Bondage ti 1992 padà wá ní 2019 lábẹ́ ìdarí Ramsey Nouah, ó sì dùn, nítorí pé ọmọ ẹni tí ó ṣẹ̀ ní àkọ́kọ́ ni a gbé ẹrù bàbá lé lórí. Nígbà tí Glamour Girls padà wá ní 2022, ọ̀pọ̀ òǹwòran kùn pé orúkọ nìkan ni àwọn rí.

Ibi tí bàtà gbé ń ta mí lẹ́sẹ̀ gan-an nìyí. Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Àwa, àkísà wa ni a ń sọnù. Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlà, ná owó ńlá sórí Ọ̀run Móoru ní 1982, àwọn olè dà á kọ, wọ́n tà á káàkiri, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè gbérí mọ́. Shaihu Umar, fíìmù Háúsá ti 1976, ni gbogbo ayé rò pé ó ti ṣègbé, kí a tó rí i ní ilé ìpamọ́ ìjọba ní Jos, tí a sì tún un ṣe tí a fi hàn ní Berlin ní 2018. Mélòó nínú tiwa ni yóò rí irú orí ire bẹ́ẹ̀? Ẹni tí kò rí ti àkọ́kọ́ mọ́, kí ni yóò tún ṣe?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ di olùdarí fíìmù, ẹ má wo Hollywood nìkan. Òkè Ọ̀kà wà níbẹ̀, tí àwọn baba yín fi ṣe odi nígbà ogun Tápà; ní Àkókó yìí, ìlú mélòó kan ni ó wà tí ahọ́n wọn yàtọ̀ bí wọ́n tilẹ̀ ń gbóòórùn ọbẹ̀ ara wọn. Bí egúngún ẹni bá jó re, orí a yá ni: ìtàn wọ̀nyí gba apá kìíní, kí a tó máa sọ ti apá kejì.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín, nínú àpótí, lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, káṣẹ́ẹ̀tì àtijọ́ wà níbẹ̀ tí ẹ̀rọ kankan nílé kò lè lù mọ́. Ẹ má kó wọn fún alákìísà; ẹ gbé wọn lọ sí yunifásítì Akùngbá kí àwọn ọmọ wá bí a ó ti dà wọ́n kọ. Ó lè jẹ́ pé eré tí ìyá àgbà yẹn sunkún lé lórí wà nínú ọ̀kan nínú wọn, kí èmi náà tún rí ọba yẹn kí ó tó gbé ife sẹ́nu.