Kí Ojú Ayùn Bá Ẹnu Ẹ̀rọ Mu

 

Ọ̀rọ̀ mi dá lórí ẹ̀rọ kékeré tí kafíńtà, pọ́lọ́mbà àti onítáìlì ń lò, èyí tí wọ́n ń pè ní multi-tool. Ojú ayùn rẹ̀ kì í yí bí ti dírììlì. Ṣe ló ń gbọ̀n síwá sẹ́yìn, nǹkan bí ìgbà 10,000 sí 20,000 ní ìṣẹ́jú kan. Ní 1967, ilé iṣẹ́ Fein ní Jámánì ṣe irú rẹ̀ fún àwọn dókítà, kí wọ́n lè fi gé POP kúrò lára ẹni tí eegun rẹ̀ ṣẹ́. Lónìí, ó ti di ti gbogbo oníṣẹ́.

Ẹ̀rọ yìí kì í sábà dá owó nù. Ojú rẹ̀ ni ó ń dá owó nù. Ní 2002 iná jó Jos Main Market níbí ní Terminus, àwọn oníṣòwò sì fọ́n ká sí àwọn òpópónà. Ẹni tó ta ẹ̀rọ lè wà ní ìhín, kí ẹni tó ń ta ojú rẹ̀ wà ní ọ̀hún. Ẹni tó ń rà ló gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń wá.

Èkíní ni ẹnu ẹ̀rọ. Àwọn ti àtijọ́ ní ẹnu pẹlẹbẹ, oníhò. Ní 2016, Bosch àti Fein gbé Starlock jáde, tí ọrùn ojú rẹ̀ kotò bí abọ́. Oríṣi mẹ́ta ni: Starlock, StarlockPlus àti StarlockMax. Ojú Starlock wọ ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ti Plus wọ Plus àti Max. Ti Max kò wọ òmíràn yàtọ̀ sí Max. Ojú pẹlẹbẹ àtijọ́ kò wọ ẹ̀rọ Starlock rárá. Ẹ má ṣe fi fáìlì fẹ ihò rẹ̀ kó lè wọ̀ ọ́. Bó bá tú lẹ́nu iṣẹ́, ojú ènìyàn ló lè bá.

Èkejì ni iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe. HCS wà fún igi tí kò ní ìṣó àti ike. Bó bá kan ìṣó, eyín rẹ̀ á kán. Bi-Metal ni ti igi oníṣòó àti páìpù bàbà. Eyín carbide ni ti irin líle. Láti yọ símẹ́ńtì àárín táìlì, ẹ ra èyí tí kò ní eyín, tí wọ́n fi carbide tàbí dáyámọ́ǹdì wẹ́wẹ́ lẹ̀ mọ́ létí.

Ẹ yọ iná tàbí bátìrì kúrò kí ẹ tó pààrọ̀ ojú rẹ̀, kí ẹ sì wọ awò.

Ẹ̀yin òbí tó ń ra irinṣẹ́ fún ọmọ tó fẹ́ gba ìyọ̀ǹda, owó yẹn kò rọrùn láti rí. Ẹ mú ojú tó ti gbó dání lọ sọ́jà, kí ẹ gbé e lé tuntun wò kí ẹ tó sanwó. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó.

Ọlọ́run á bùkún iṣẹ́ ọwọ́ wa.